Afín-àwo àti Iṣẹ́ Rẹ̀: Ìgbìyànjú láti Ṣẹ̀dá Ìperí Yorùbá fún Iṣẹ́ Àwo Orin

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìlànà yìí ni ó yẹ kí ó máa darí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ìperí fún iṣẹ́ ọwọ́ kan: kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà ń ṣe, kí ó tó wá orúkọ tí yóò pè é. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, òdìkejì èyí ni a máa ń ṣe. A ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, a ó wo ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè, a ó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá sún mọ́ ọn rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì ìtumọ̀-èdè ni ó fa iṣẹ́ yìí. Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àyọkà kan nípa bí a ti ń ṣe àwo orin. Ọ̀kan nínú wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà 'master' sí 'ọ̀gá', ó sì kọ ọ́ báyìí pé: 'Ọ̀gá ti bàjẹ́, wọ́n sì ní láti gé ọ̀gá mìíràn.' Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí àwọn tí ń rẹ́rìn-ín mú ọ̀rọ̀ tí ó dára jù ú lọ wá, kò sí ẹni tí ó rí nǹkan kan sọ. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ wọn pàápàá kò rí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì ṣe ti ẹ̀rín lásán. Nínú ìwé àdéhùn tí olórin ń fọwọ́ sí pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo jáde, ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni ó ń sọ ohun tí olórin ń fi sílẹ̀ fún wọn. Èdè Yorùbá ni a fi ń ṣàlàyé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin wa. Bí a bá sọ fún olórin pé 'ọ̀gá àwo' yóò jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, kí ni ó gbọ́? Ṣé àwo kan báyìí tí a fi irin ṣe ni, tàbí gbogbo orin tí ó kọ? Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ lè fi oko rẹ̀ tọrẹ, kí ó sì rò pé ọkọ́ ni òun yá ènìyàn.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí oníṣẹ́ náà ń ṣe àti bí ènìyàn ti ń di irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá dá ìperí lábàá, tí a ó sì sọ ìdí tí a fi yan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2.0 Iṣẹ́ Náà

2.1 Ìtàn ní ṣókí

Thomas Edison ni ó ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó gba ohùn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ jáde, ní ọdún 1877. Ohun tí ó lò kì í ṣe àwo, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a wé mọ́ òpó róbótó ni. Emile Berliner ni ó mú ohun pẹlẹbẹ wọ inú iṣẹ́ náà ní ọdún 1887. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ohùn Yorùbá fi dé orí rẹ̀. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní ìlú London. Láti ìgbà gíráámafóònù ni àwọn ènìyàn wa ti ń pe ohun pẹlẹbẹ náà ní àwo. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó kí wọ́n tó fún un ní orúkọ yìí. Wọ́n wò ó, ó jọ àwo oúnjẹ, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀.

Kí téèpù tó gbòde ní nǹkan bí ọdún 1950, ojú àwo gan-an ni wọ́n ń gba orin sí bí olórin ti ń kọ ọ́. Téèpù ni ó pín iṣẹ́ náà sí méjì: ẹnì kan ń gba ohùn sílẹ̀, ẹlòmíràn ń gbé ohùn láti orí téèpù lọ sí ojú àwo. Ẹnì kejì yìí ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní àkókò yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo ńlá tí ń yí ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan jáde ní ọdún 1948, RCA Victor sì gbé àwo kékeré tí ń yí ní ìgbà 45 jáde ní ọdún 1949. Ní ọdún 1958 ni àwo tí ohùn rẹ̀ ní ìhà méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, dé ọjà.

2.2 Bí a ti ń ṣe é

Lórí ẹ̀rọ oníṣẹ́ yìí ni a ń gbé àwo alumíníọ́ọ̀mù kan tí a fi ọ̀dà kùn dan-in-dan-in lé. Bí àwo náà ti ń yí, ọ̀bẹ kékeré tí a fi òkúta rúbì tàbí sáfírè ṣe ń gbẹ́ ojú rẹ̀. Wáyà iná ń mú ọ̀bẹ náà gbóná kí ó lè gé ọ̀dà mọ́lẹ̀ láìdún. Fọ́nrán ọ̀dà tí ó ń tú jáde, ọ̀pá kan ń fà á lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí ó bá wé mọ́ ọ̀bẹ, iṣẹ́ bàjẹ́. Ó sì tún jẹ́ ohun tí iná ń tètè ràn. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ìdádúró títí ojú àwo kan yóò fi parí. Àṣìṣe kan ṣoṣo, àwo tuntun ni.

Oníṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ojú àwo yìí. Kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ, nítorí ọ̀dà náà rọ̀, abẹ́rẹ́ yóò sì ha á. Àwo ìdánwò mìíràn ni ó ń gé fún gbígbọ́. Awò amú-nǹkan-tóbi ni ó fi ń wo ti gidi. Iṣẹ́ tí etí ni olórí rẹ̀, ojú ni a fi ń parí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi fàdákà wọ́n ojú àwo ọlọ́dà náà, a ó rì í sínú omi tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, níkẹ́lì yóò sì bò ó. Bí a bá bó níkẹ́lì yìí kúrò, gbogbo ibi tí ó jìn lára àwo ọlọ́dà ni ó ga lára rẹ̀. A ó tún fi níkẹ́lì bo èyí náà, a ó sì rí òmíràn tí ó jìn gẹ́gẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Láti ara èyí ni a ó ti yọ àwọn tí ó ga, tí a ó fi tẹ fínílì gbígbóná di àwo tí a ń tà lọ́jà.

2.3 Ìdájọ́ tí ó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ náà

Bí ó bá jẹ́ pé gbígbé ohùn láti ibì kan sí ibòmíràn nìkan ni, ẹ̀rọ ìbá ti tó. Ṣùgbọ́n ojú àwo kì í gba ohun gbogbo tí téèpù gbà. Ìṣòro mẹ́rin ni a ó mẹ́nu bà.

Èkínní ni àyè. Bí orin bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú, àwo ńlá yóò yí ní ìgbà bíi 667. Ibi tí a lè gbẹ́, láti etí òde dé ibi tí orin ti gbọ́dọ̀ parí, kò ju nǹkan bí mílímítà 86 lọ. Èyí fi hàn pé àyè tí ó kan yíyí kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá kan nínú méje mílímítà kan. Ìró kíki, bíi ti àgbá tàbí agídìgbo, máa ń mú kí ọ̀bẹ fì gidigidi sí ọ̀tún àti sí òsì. Ó ń fẹ́ àyè. Nítorí náà, bí orin bá ti gùn tó ni ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kéré tó. Àwọn olórin wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo Fẹlá Aníkúlápó-Kútì jẹ́ orin kan ṣoṣo lójú kan, àwọn onijùjú náà sì máa ń so orin pọ̀ mọ́ orin láìsí àfo láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo dé òpin. Etí wa fẹ́ kí ìlù ó kì, a sì fẹ́ kí orin ó gùn. Ọwọ́ ẹni tí ń gé àwo ni ìjà méjèèjì ti ń parí.

Èkejì ni ìlànà RIAA tí gbogbo ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé láti ọdún 1954. Kí a tó gé ohùn sójú àwo, a ó dín ìró kíki kù, a ó sì mú ìró tín-ín-rín lé. Bí a bá fi ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá ṣe òṣùwọ̀n, a ń dín èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 20 kù ní nǹkan bí desibẹ́ẹ̀lì 20, a sì ń fi bí iye kan náà kún èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo nínú ilé ni yóò dá ohun gbogbo padà sí ipò rẹ̀, tí yóò sì dín ariwo híha ojú àwo kù bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni eré. Iye ìgbà tí àwo ń yí kì í yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń rìn ń kúrú bí ó ti ń súnmọ́ àárín. Ní etí òde, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ni ó ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìparí, kò ju bí 21 lọ. Ohùn kan náà ni a wá ń há mọ́ àyè tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kọ́ńsónáǹtì àfúnnupè, pàápàá /s/ àti /ṣ/, ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n á máa hó ṣáṣá. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò ti gbọ́ wọn kí ọ̀bẹ tó dé ibẹ̀, yóò sì ti dín wọn kù.

Ẹ̀kẹrin ni ohùn oníhà méjì. Ara ògiri kan ni ohùn ọ̀tún wà, ara ògiri kejì ni ti òsì. Bí ìró kíki ti ìhà méjèèjì bá ń ta ko ara wọn, ọ̀bẹ kì í fì sí ẹ̀gbẹ́ mọ́, òkè àti ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ: ó lè kúrò lójú àwo pátápátá, ó sì lè gún ọ̀dà dé ara irin. Nítorí náà, àárín ni a máa ń kó ìró kíki jọ sí.

2.4 Bí ènìyàn ti ń di oníṣẹ́ yìí

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí a ń kọ́ láti inú ìwé nìkan. Ọmọ-iṣẹ́ ni ènìyàn ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ: a ó máa da téèpù kọ, a ó máa nu ẹ̀rọ, a ó máa jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, títí etí yóò fi là. Ibi tí àwọn olókìkí inú wọn ti wá sì yàtọ̀ síra. Rudy Van Gelder, tí a bí ní ọdún 1924 tí ó sì kú ní ọdún 2016, jẹ́ oníṣẹ́ ayẹ̀júwò. Ní pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni ó ti ń gba orin jáàsì sílẹ̀ fún Blue Note àti àwọn mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń gé àwo rẹ̀. Ọdún 1959, nígbà tí ó kọ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sí Englewood Cliffs, ni ó tó gbájú mọ́ orin nìkan. Olórin ni George Peckham ní Liverpool kí ó tó di agéwo. Òun ni ó gé àwo aláwàdà Monty Python ti ọdún 1973, èyí tí ó ní ipa méjì tí ó wé mọ́ra lójú kan, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí ni yóò pinnu ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò gbọ́. Bob Ludwig ní tirẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì. Ní ọdún 1969, ó gé àwo kejì ẹgbẹ́ Led Zeppelin pẹ̀lú agbára tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan fi ń fò lórí rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́, ilé-iṣẹ́ ní kí a gé òmíràn tí ó rọ̀. Àwo àkọ́kọ́ yẹn ni àwọn tí ń kó àwo jọ wá ń wá kiri lónìí.

Orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í sábà hàn gàgàrà lára páálí àwo. Inú àfo tí ó wà láàárín òpin orin àti bébà àárín àwo ni wọ́n ń fi ọwọ́ kọ àmì wọn sí: RVG ni ti Van Gelder, RL ni ti Ludwig.

Àwọn oníṣẹ́ yìí kò pọ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ Neumann ti Jámánì kò ṣe ẹ̀rọ VMS 70 àti VMS 80 mọ́, àwọn tí ó kù ni a ń tún ṣe. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2020, iná jó ilé-iṣẹ́ Apollo Masters ní Banning, ní California, ọ̀kan nínú méjì péré tí ń pèsè àwo ọlọ́dà fún gbogbo àgbáyé. Èkejì wà ní Japan. Ọdún 2020 yìí kan náà sì ni owó tí àwo fínílì mú wọlé ní Amẹ́ríkà ju ti síídì lọ. Àwọn tí ń béèrè iṣẹ́ náà ń pọ̀ sí i, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dàgbà.

3.0 Ìṣẹ̀dá Ìperí

3.1 Poro àti ebè

Ohun tí ọ̀bẹ ń gbẹ́ sójú àwo, àwọn kan pè é ní 'ìlà', àwọn kan pè é ní 'kòtò'. Ìlà kò fi jíjìn hàn, kòtò kò sì fi gígùn hàn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé oko rí mọ poro, ọ̀nà jíjìn tí ó gùn lọ láàárín ebè. Ó jìn, ó gùn, ó ní ògiri méjì. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ń fẹ́ ni ó ní. Àǹfààní rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé ó mú ìkejì rẹ̀ dání. Níbi tí poro bá wà lára irin kan, ebè ni yóò wà lára irin tí a bá yọ láti ara rẹ̀. Àwo Monty Python tí a mẹ́nu bà lókè, a lè wá pè é ní àwo oníporo-méjì.

3.2 Fín

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wá sí wa lọ́kàn fún iṣẹ́ ọ̀bẹ náà: gé, gbẹ́ àti fín. A ti lo méjì àkọ́kọ́ nínú àlàyé wa lókè, a sì gbà pé wọn kò burú nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá gé máa ń já sí méjì, ohun tí a bá gbẹ́ sì máa ń yí ìrísí padà, bí igi ti ń di ère. Fín nìkan ni ó jẹ mọ́ fífi ọ̀bẹ ṣe ọnà sí ojú nǹkan tí nǹkan náà kò sì yí padà, bí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀yọ́ ti ń fín igbá. Igbá tí a fín ṣì jẹ́ igbá, àwo tí a fín ṣì jẹ́ àwo. Láti ara èyí ni a ti ṣẹ̀dá afín-àwo fún oníṣẹ́ náà, ìfín-àwo fún iṣẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀rọ ìfín-àwo fún ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé afín jọ àfín. Ohùn orí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ yàtọ̀. Bí a bá kọ àmì ohùn bí ó ti yẹ, àṣìṣe kò ní wáyé.

Ìdájọ́ tí a ṣàlàyé ní 2.3 yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀, nítorí pé a lè ṣe é fún síídì tàbí fún íntánẹ́ẹ̀tì láìfín àwo kankan. Ìtún-ohùn-ṣe ni a pè é.

3.3 Ọ̀gá, bàbá, ìyá

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, 'master' ń jẹ́ téèpù tí a ti parí, ó ń jẹ́ àwo ọlọ́dà, ó tún ń jẹ́ ohun tí òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun-ìní. Kò sí ohun tí ó ní kí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan pe nǹkan mẹ́ta nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀. A pe èkínní ní ìpilẹ̀ ohùn, a pe èkejì ní àwo àkọ́fín, a sì pe ẹ̀kẹta ní ẹ̀tọ́ orí ìpilẹ̀ ohùn. Olórin tí ó bá gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yìí yóò mọ̀ pé kì í ṣe irin ni òun ń fi sílẹ̀.

Ní ti àwọn irin níkẹ́lì, àwọn òyìnbó ń pe àkọ́kọ́ ní bàbá, wọ́n ń pe èkejì ní ìyá. Ìbátan yìí kò tọ́ ní etí Yorùbá, nítorí bàbá kì í bí ìyá. Bákan náà, ọ̀nà mìíràn wà, tí Teldec àti Neumann gbé jáde ní ọdún 1982, nínú èyí tí a ń fín ohùn sára bàbà tààrà, tí bàbà náà yóò sì ṣe iṣẹ́ ìyá. Ẹni tí yóò ka 'bàbà' àti 'bàbá' nínú ìpínrọ̀ kan náà yóò ṣe wàhálà. Nítorí náà, a pe irin àkọ́kọ́ ní òdì-àwo, nítorí òdìkejì àwo ni.

Ṣùgbọ́n a fi ìyá sílẹ̀. Ìyáàlù ni ó ń ṣáájú àwọn ìlù yòókù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá-àwo ṣe jẹ́ orísun gbogbo òǹtẹ̀. Ó ní poro, a sì lè fi abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ pé. Irin tí a fi ń tẹ fínílì ni a pè ní òǹtẹ̀-àwo, nítorí iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe pẹ̀lú òǹtẹ̀ tí a fi ń tẹ ìwé.

3.4 Ìró

Ó ti wọ́pọ̀ kí a máa pe ìró gíga ní 'ohùn òkè', kí a sì máa pe ìró ìsàlẹ̀ ní 'ohùn ìsàlẹ̀'. A rọ àwọn òǹkọ̀wé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ti gba ìperí méjèèjì. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí 'ọkọ́', ohùn òkè wà níbẹ̀ yálà ọmọdé ni ó pè é tàbí àgbàlagbà olóhùn kíki. Ìró kíki àti ìró tín-ín-rín ni a dá lábàá, bí àwọn ènìyàn wa ti ń sọ nípa ohùn ọmọ ènìyàn.

4.0 Àkójọ Ìperí

Afín-àwo: ẹni tí ń gbé ohùn láti orí téèpù tàbí fáìlì sójú àwo.
Ìfín-àwo: iṣẹ́ afín-àwo; ẹ̀rọ ìfín-àwo ni ẹ̀rọ rẹ̀.
Ìtún-ohùn-ṣe: mímú ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ bá ohun tí yóò gbé e mu.
Ọ̀bẹ ìfín: èyí tí ń gé poro, abẹ́rẹ́ ni èyí tí ń gbọ́ ọ.
Poro, ebè: ibi tí ó jìn, ibi tí ó ga.
Ìpilẹ̀ ohùn: téèpù tàbí fáìlì tí a ti parí.
Àwo àkọ́fín: àwo ọlọ́dà tí a fín (poro).
Òdì-àwo: irin tí a yọ láti ara àwo àkọ́fín (ebè).
Ìyá-àwo: irin tí a yọ láti ara òdì-àwo (poro).
Òǹtẹ̀-àwo: irin tí a yọ láti ara ìyá-àwo, tí a fi ń tẹ fínílì (ebè).
Àfo ìparí: ibi tí afín-àwo ń kọ àmì rẹ̀ sí.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé àwọn ìperí wọ̀nyí ni òpin. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé oko, igbá fínfín àti ìlù ti ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a rò pé a ní láti yá lọ́wọ́ èdè mìíràn, bí a bá kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà dáadáa. Nígbà tí mo tún fún kíláàsì mi ní àyọkà kan náà, tí mo sì kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ 'ọ̀gá' tẹ́lẹ̀ ni ó dábàá òǹtẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. A ń retí àríwísí àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀-èdè, ní pàtàkì àwọn tí ń túmọ̀ ìwé àdéhùn fún àwọn olórin, nítorí àwọn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá dúró tàbí wọn kò dúró.